Ìdáhùn sí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó san owó ilé ní Manchester kó tó kúrò ní Ìbàdàn

Òǹkàwé kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sí mi pé yunifásitì kan ní Manchester ti gba òun wọlé láti kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè másítáàsì, pé oṣù Kẹsàn-án ni ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ilé ni kò jẹ́ kí òun sùn. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tó ń lọ sí Manchester, ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ńtì fi àwòrán yàrá kan ní Fallowfield ránṣẹ́ sí i: £450 lóṣù, owó iná àti omi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀, ìyẹn £1,350, kó fi owó ìdógò £600 lé e, kó sì san £150 fún ìwé àti ìwádìí, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, torí pé àwọn mìíràn ń dù ú. Ọ̀nà kejì ni ti ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Oldham, tó ní kó wá máa gbé yàrá kan nílé òun, kó máa san £350 lóṣù, ṣùgbọ́n kó má fi àdírẹ́sì ilé náà gba lẹ́tà kankan. Ó béèrè èwo ni kí òun mú nínú méjèèjì, àti kí ni kí òun ṣe bí kò bá sí èyí tó dára níbẹ̀.

Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin inú WhatsApp náà. Ti Oldham ṣeé sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ṣe ibùgbé fún odidi ọdún, àyàfi tí ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn bá yí padà. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ tọ̀: kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yunifásitì yín, kí ẹ má sì sanwó ilé aládàáni kankan títí ẹ ó fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ẹ ó sì ti rí inú rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká yẹ £2,100 tó ń béèrè yẹn wò lẹ́yọ lẹ́yọ, nítorí pé ìṣirò náà fúnra rẹ̀ ti tú àṣírí ẹni tó ń béèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Tenant Fees Act ti kà á léèwọ̀ ní England pé kí onílé tàbí ejẹ́ńtì gba owó ìwé, owó ìwádìí tàbí kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ayálégbé. £150 ti bọ́ sóde nìyẹn. Òfin kan náà ló sọ pé owó ìdógò kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ níbi tí owó ilé ọdún kan kò bá ti tó £50,000. £450 lóṣù jẹ́ £5,400 lọ́dún. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, yóò jẹ́ nǹkan bíi £103.85 lọ́sẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò sì kọjá £519.23. £600 ti ré kọjá ààlà nìyẹn náà. Ní ti owó oṣù mẹ́ta, òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn ayálégbé, Renters' Rights Act ti ọdún 2025, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilé aládàáni ní England ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2026, kò gba onílé láyè láti gba owó ilé rárá kí ẹ̀yin méjèèjì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i, owó oṣù kan péré ló lè ní kí ẹ san ṣáájú kí ẹ tó kó wọlé. Ohun tí ó lè gbà kí ó fi di yàrá mú dè yín nígbà tó ń yẹ ìwé yín wò kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ kan lọ, ìyẹn nǹkan bíi £103 nínú ọ̀ràn tiyín yìí. Nítorí náà, kò sí ẹyọ kan nínú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá òfin mu. Bí kì í bá ṣe olè ni ọkùnrin náà, ejẹ́ńtì tí kò ka òfin sí ni, ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ lẹ́ni tí à ń fi owó ọmọ ilé ìwé lé lọ́wọ́.

Mo mọ ìdí tí ìbéèrè rẹ̀ kò fi jọ ohun àjèjì sí yín. Nílé, ó ti mọ́ wa lára kí onílé gba owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ejẹ́ńtì gba kọmíṣọ̀n, kí lọ́yà gba owó àgírímẹ́ǹtì, kí a tún san kọ́ṣọ́n fíì lé e. Àwọn tó ń fi ilé èké gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa mọ èyí dáadáa, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń to owó wọn bí a ṣe ń to ó ní Bódìjà tàbí ní Súrùlérè. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dé láti pápákọ̀ òfuurufú nínú òtútù oṣù kìíní pẹ̀lú àpótí méjì, tó tẹ aago ẹnu ọ̀nà ilé tó ti san owó oṣù mẹ́rin fún, tó sì jẹ́ pé obìnrin arúgbó tó ti ń gbé ilé náà láti ọjọ́ pípẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un, tí kò gbọ́ ohunkóhun rí nípa pé wọ́n fẹ́ fi yàrá rẹ̀ háyà. Àwòrán inú ilé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà dára gan-an. Ilé mìíràn ni wọ́n ti yà á.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ọkùnrin náà wò kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ béèrè àdírẹ́sì ilé náà ní kíkún pẹ̀lú póòsìkóòdù rẹ̀, orúkọ onílé, orúkọ ilé-iṣẹ́ ejẹ́ńtì náà àti ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ sí fún ìgbẹ́jọ́ ẹ̀sùn. Dandan ni kí ejẹ́ńtì tó ń fi ilé háyà ní England wà lábẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, bíi The Property Ombudsman tàbí Property Redress, ẹ sì lè wo orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì wọn láti Ìbàdàn láìsan kọ́bọ̀. Bí ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn kì í ṣe ìdílé kan bá ń gbé ilé náà, onílé gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ HMO, ìyẹn ilé tí àwọn tí kì í ṣe ìdílé kan jọ ń gbé, lọ́wọ́ káńsù, káńsù sì máa ń to irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ayé lè wò. Fún £7, HM Land Registry yóò fi orúkọ ẹni tó ni ilé náà gan-an hàn yín. Ẹ tún ní kó pè yín lórí fídíò láti inú ilé náà, kì í ṣe fídíò tó ti ká sílẹ̀. Kó dúró níta kó fi orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé hàn, kó wá ṣílẹ̀kùn wọlé lójú yín, kó ṣí omi, kó tan iná. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kò ní ṣe èyí tì. Ẹni tí kò ní in yóò máa sọ pé ẹni tó wà nínú yàrá ti rin ìrìn-àjò, pé òun alára wà ní Scotland, pé kí ẹ sanwó sínú àpò aṣùwọ̀n ìyàwó òun ní báńkì kí yàrá má bàa bọ́. Ẹ má sì fi àwòrán páásípọ́ọ̀tù yín ránṣẹ́ sí i, nítorí pé ìwé yẹn nìkan tó láti fi orúkọ yín lu ẹlòmíràn ní jìbìtì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí yunifásitì. Ọ̀pọ̀ yunifásitì Britain ló máa ń ṣèlérí yàrá fún akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, bí ó bá ti gba ààyè tí wọ́n fún un tó sì béèrè fún yàrá kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Ọjọ́ yẹn ni ohun tó yẹ kí ẹ wá lórí ìkànnì wọn lónìí. Bí ó bá ti kọjá, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ilé gbígbé wọn síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ yín sínú àwọn tó ń dúró, nítorí pé àwọn tí físà wọn kò jáde máa ń fi yàrá sílẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Yàrá yunifásitì lè wọ́n ju £450 lọ, n kò ní tàn yín. Àmọ́ iná, omi, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìgbóná ilé sábà máa ń wà nínú iye yẹn, wọn kì í sábà béèrè onídùúró, owó rẹ̀ sì ṣeé pín san ní sáà mẹ́ta. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka másítáàsì fojú sí ni iye ọ̀sẹ̀ tó wà nínú ìwé. Yàrá àwọn tó ń ka oyè àkọ́kọ́ lè parí nínú oṣù Kẹfà, iṣẹ́ ìwádìí yín sì lè má parí títí di oṣù Kẹsàn-án. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 51.

Yàtọ̀ sí ti yunifásitì, àwọn ilé gogoro aládàáni wà tí wọ́n dìídì kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n pọ̀ káàkiri ọ̀nà Oxford Road àti Hulme. Wọ́n mọ́, ibi ìgbàlejò wọn máa ń ní òṣìṣẹ́, ẹ sì lè forúkọ sílẹ̀ láti Nàìjíríà lórí ìkànnì wọn gan-an láìbẹ̀rù, bí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà tí kì í ṣe inú líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́. Ìkìlọ̀ méjì ni mo ní lórí wọn. Èkínní ni pé àwọn tó wà lábẹ́ ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí kò sí lábẹ́ òfin oṣù kan tí mo sọ lókè, nítorí náà wọ́n lè ní kí ẹ san owó sáà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Èkejì ṣe pàtàkì jù: ìgbà tí ẹ bá ti fọwọ́ sí ìwé wọn, gbogbo owó ọdún náà ti di gbèsè yín, kódà bí ẹ kò bá sùn níbẹ̀ lóru kan ṣoṣo, àfi tí ẹ bá rí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó gbà á lọ́wọ́ yín. Bí físà kò bá jáde ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn ní gbólóhùn kan nínú ìwé wọn tó sọ pé wọn yóò tú ẹni tí wọn kò fún ní físà sílẹ̀ tí wọn yóò sì dá owó rẹ̀ padà, bí ó bá fi lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ hàn kí ọjọ́ kan tó kọjá. Ẹ wá gbólóhùn náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gba ibòmíràn lọ.

Bí ó bá wá di pé ilé aládàáni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń gbé ni yóò ṣeé ṣe fún yín, ẹ jẹ́ kí wíwá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sùn sí ibi tó ṣeé fi sílẹ̀, kó jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kékeré, yàrá tí yunifásitì ń yá fún ìgbà díẹ̀, tàbí ilé ọ̀rẹ́ bàbá yín, kí ẹ sì máa lọ wo ilé ní ojúmọ́. Àwọn yunifásitì Manchester ní iléeṣẹ́ kan tó wà fún èyí, Manchester Student Homes, tó ń to ilé tí wọ́n ti yẹ̀ wò sórí ìkànnì, tó sì ń ka ìwé àdéhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kó tó fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ilé, kí ẹ tó wo Facebook.

Onídùúró ni yóò dà yín láàmú jù níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Britain, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì lè san owó ilé bí ẹ kò bá san án ni wọ́n máa ń béèrè. Tẹ́lẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń san owó oṣù mẹ́fà tàbí ti ọdún kan láti fi rọ́pò rẹ̀. Òfin tuntun ti pa ọ̀nà yẹn dé, ó sì dára fún àpò wa, ṣùgbọ́n lójú tèmi yóò jẹ́ kí àwọn onílé túbọ̀ rọ̀ mọ́ onídùúró. Ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásitì yín bóyá wọ́n ní ètò tí wọ́n fi ń dúró fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ní in. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń gba owó láti dúró fún ènìyàn, owó náà kì í sì padà. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan yín bá fẹ́ dúró, ó yẹ kó mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Nínú ìwé tí ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ayálégbé kan ṣoṣo, bí ọ̀kan bá sá lọ, onílé lè di gbèsè rẹ̀ ru àwọn yòókù àti àwọn onídùúró wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìpín tiyín nìkan ni ìbátan yín dúró fún. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni ilé tí olúkúlùkù ti ń fọwọ́ sí ìwé yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Onílé gbọdọ̀ wò ó bóyá ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé ní England. Ẹ kò ní kó ìwé fún un. Inú àkọọ́lẹ̀ eVisa yín (físà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ni ẹ ó ti gba kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà R, lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ ó fi fún un pẹ̀lú ọjọ́ ìbí yín. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W jẹ́ ti ibi iṣẹ́, kò wúlò níbí. England nìkan ni mò ń sọ o; ìlú bíi Glasgow àti Cardiff ní òfin ilé tiwọn.

Ní ti ọ̀rẹ́ bàbá yín ní Oldham, n kò ro ibi sí i. Ọ̀pọ̀ àgbà wa ní Britain ló ń fi yàrá kan ran ọmọ ará ilé lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ti gbà là lóṣù àkọ́kọ́. Lẹ́tà ni ìṣòro ibẹ̀. Físà yín fi dandan lé e pé kí yunifásitì mọ ibi tí ẹ ń gbé gan-an, báńkì yóò béèrè àdírẹ́sì, ilé ìwòsàn náà yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́. Bí àgbàlagbà bá ní kí ẹ má lo àdírẹ́sì òun, ó lè jẹ́ pé ilé káńsù tàbí ti ẹgbẹ́ onílé-ìrànwọ́ (àwọn tó ń fi ilé háyà ní owó pọ́ọ́kú fún aláìní) ni, tí kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Láti ọdún 2013 ni fífi odindi irú ilé bẹ́ẹ̀ háyà láìgbàṣẹ ti di ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ lè torí rẹ̀ jẹ ènìyàn níyà, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì tú, ẹ̀yin náà yóò bá ara yín níta. Ó sì tún lè jẹ́ pé ó ń dá gbé, tó ń gba ẹ̀dínwó ìdá kan nínú mẹ́rin lórí owó káńsù (council tax, owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún káńsù) tí wọ́n ń fún ẹni tó dá gbé, tó sì ń bẹ̀rù pé orúkọ yín yóò bà á jẹ́. Bí ó bá jẹ́ èyí ni, ìdáhùn wà: káńsù kì í ka akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé ní kíkún mọ́ àwọn àgbàlagbà inú ilé, nítorí náà ẹ̀dínwó rẹ̀ kò ní yẹ̀ bí ẹ bá fi ìwé ẹ̀rí láti yunifásitì ránṣẹ́ sí káńsù. Ẹ jẹ́ kí bàbá yín bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má dà bíi pé ọmọdé ń yẹ àgbà wò.

Bí wọ́n bá fohùn ṣọ̀kan lórí lẹ́tà, ẹ tún fi sọ́kàn pé ẹni tó bá onílé gbé inú ilé kan náà kò ní ààbò tí ayálégbé tòótọ́ ní. Onílé lè ní kó máa lọ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ìgbà díẹ̀ láìlọ sílé ẹjọ́, kò sì pọn dandan kó fi owó ìdógò rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ àjọ kankan. Ẹ má fi owó ìdógò ńlá sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jọ kọ ọ́ sórí ìwé, ì báà jẹ́ ojú ewé kan: iye owó, ọjọ́ tí ẹ ó máa san án, iye ọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò fi sọ fún ẹnì kejì kí ẹ tó kó jáde, ìlò ilé ìdáná. Ìbátan tí kò fẹ́ ìwé ló sábà máa ń parí sí ìjà. Kí ẹ tó pe £350 ní owó pọ́ọ́kú, ẹ fi owó ọkọ̀ kún un: láti Oldham ẹ ó wọ tíráàmù dé St Peter's Square, ẹ ó tún wọ bọ́ọ̀sì tàbí kí ẹ rìn gba Oxford Road dé kíláàsì, lójoojúmọ́, nínú òjò àti òkùnkùn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ oṣù Kejìlá.

Fallowfield tí ọkùnrin yẹn dárúkọ jẹ́ àdúgbò tòótọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka oyè àkọ́kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ariwo òru wọn kì í sì í ṣe kékeré. Fún ẹni tó fẹ́ jókòó kàwé, mo fẹ́ràn Withington tó wà níwájú rẹ̀, tàbí Victoria Park àti Rusholme tó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́. Wilmslow Road ló so gbogbo wọn pọ̀, bọ́ọ̀sì 142 àti 143 kò sì wọ́n lójú ọ̀nà náà. Levenshulme àti Longsight lè dínwó díẹ̀. Bí ẹ bá ń wá iṣu, ẹ̀wà olóyin àti ata tútù, ẹ ó rí ìsọ̀ àwọn ará Áfíríkà ní Moss Side.

Nígbà tí ẹ bá lọ wo ilé, ẹ má jẹ́ kí àga tuntun gba ojú yín. Ẹ wo kọ̀rọ̀ ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ìsàlẹ̀ fèrèsé àti àjà balùwẹ̀ bóyá àbàwọ́n dúdú tí ọ̀rinrin ń mú hù wà níbẹ̀, ẹ sì fura bí ọ̀dà tuntun bá wà ní kọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà. Ní Rochdale, ìlú tí kò jìnnà sí Manchester, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú nínú oṣù Kejìlá ọdún 2020 nítorí irú nǹkan dúdú yìí tó bo ògiri ilé àwọn òbí rẹ̀, tí àwọn onílé sì ń sọ pé bí ìdílé náà ṣe ń gbé ló fà á. Orúkọ ọmọ yìí ni wọ́n fi sọ òfin tó ń fipá mú àwọn onílé-ìrànwọ́ báyìí láti tètè tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lójú yín, ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò gáàsì tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ wo ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín bá wà bóyá ó wà lájà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí owó iná bá ti wà nínú owó ilé, ẹ béèrè òdiwọ̀n rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ onílé ló ń dá iye kan tí ẹ ó san àfikún bí ẹ bá kọjá rẹ̀.

Ẹ wọn yàrá náà. Nínú ilé HMO tó gba ìwé àṣẹ, yàrá tí àgbàlagbà kan yóò sùn sí kò gbọdọ̀ kéré ju 6.51 mítà onígun mẹ́rin lọ, ti ènìyàn méjì kò sì gbọdọ̀ kéré ju 10.22 lọ, yàrá tó gùn ní mítà méjì ààbọ̀ tó sì fẹ̀ ní mítà méjì ààbọ̀ kò tó fún ẹnì kan pàápàá. Èyí kan àṣà wa náà. Ọ̀rẹ́ tí ẹ fẹ́ gbà sílé fún oṣù díẹ̀ kó lè dínwó fún ẹ̀yin méjèèjì lè sọ yín di ẹni tó rú ìwé àdéhùn, kí onílé sì fi ìyẹn lé ẹ̀yin méjèèjì jáde. Bí ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wọ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń gbé, ìdáǹdè ilé náà kúrò nínú owó káńsù ti parí, ìwé owó yóò sì dé.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ka másítáàsì máa ń gbàgbé. Ní abẹ́ òfin tuntun, ayálégbé lè jáde nígbàkígbà bí ó bá fi oṣù méjì sọ fún onílé, onílé kò sì lè lé e láìsí ìdí mọ́. Ṣùgbọ́n onílé HMO tó ń fi ilé háyà fún akẹ́kọ̀ọ́ lè gba ilé rẹ̀ padà láàárín oṣù Kẹfà àti òpin oṣù Kẹsàn-án, bí ó bá ti sọ ọ́ lórí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ tó sì fún wọn ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́rin. Àkókò tí ẹ ó máa kọ iṣẹ́ ìwádìí yín gan-an nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, bóyá yóò lo àǹfààní yìí àti ní ọjọ́ wo.

Ọjọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ ya fídíò gbogbo ilé náà, ògiri, àga, ibùsùn, inú ààrò, nọ́ńbà mítà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí onílé lórí ímeèlì lọ́jọ́ náà kí ọjọ́ rẹ̀ lè wà lákọsílẹ̀. Láàárín 30 ọjọ́ tó bá gba owó ìdógò yín, ó gbọdọ̀ fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àjọ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyẹn Deposit Protection Service, MyDeposits tàbí Tenancy Deposit Scheme, kó sì fún yín ní ìwé rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ lè ní kó san ìlọ́po kan sí mẹ́ta owó náà fún yín. Nígbà tí ẹ bá ń jáde, bí ó bá fẹ́ yọ owó nítorí òróró tó ta sí ògiri ilé ìdáná tàbí kápẹ́ẹ̀tì tó gbó, kò lè dá a yọ. Àjọ náà yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀yin méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́, onílé ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, gbígbó tí nǹkan ń gbó nítorí ìlò kò sì sí lára ohun tí ó lè gba owó fún. Ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín yóò bá yín kọ lẹ́tà náà, àwọn àjọ ìmọ̀ràn Shelter àti Citizens Advice náà kì í sì í gba owó.